Sí Ẹsẹ̀ Òsì Mi

Ẹsẹ̀ òsì, jókòó jẹ́ẹ́.
Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àbí kí n ní lẹ́sẹ̀ rẹ.
Ọdún mọ́kànlélógún lo fi tẹ kíláàṣì Bẹ́dífọ́ọ̀dù
láti Oǹdó dé Ìbàdàn, kòkó lẹ́yìn, òjò níwájú,
títí gìgísẹ̀ rẹ fi le bí èèpo igi.
Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàrin Òkè-Igbó àti Ifẹ̀
ló mọ bí o ti wúwo tó.

Ní Saskatoon níbí, mọ́tò ọmọ wa kò ní kíláàṣì.
Pẹ́dà méjì péré ló wà nílẹ̀.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣe méjèèjì,
ó tẹ eléyìí tán, ó yà sí tọ̀hún,
ìwọ wá ká kò sí kọ̀rọ̀
bí àlejò tí wọn ò tíì sọ fún pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Fádérera kò mọ kíláàṣì rí.
Ìlú yìí ló ti kọ́ mọ́tò, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta,
òsì lórí bíréèkì, ọ̀tún lórí tọ́rótù.
Mo ní, “Ìyàwó mi, wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀.
Iná ẹ̀yìn rẹ ń tàn yòò láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì,
ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò lè mọ ìgbà tó o fẹ́ dúró lóòótọ́.”
Ó ní, “Ta ni wọ́n?”
Ó tún ní, “Ẹsẹ̀ méjì, pẹ́dà méjì. Ṣé ìṣirò yẹn le ni?”

Kí ni kí n sọ?
Ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ tó bá fi òsì gba ẹran ni mo ti wá.
Bí mo bá fi òsì kọ lọ́nà oko, ìyá mi á ní kí n padà.
Òsì, òṣì:
àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ló là wọ́n níjà,
etí ọmọdé kì í sì í rí àmì.

Sátidé kan, mo ní kí n dán an wò
níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà tó ti kógbá wọlé,
òtútù ọgbọ̀n lábẹ́ òdo, kò sí ẹnì kankan.
Ìwọ náà mọ ohun tó o ṣe.
Rọra ni mo ní.
O já bíréèkì mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá jíà kejì lórí òkè!
Bẹ́líìtì gbá mi láyà, táyà há,
kọfí Fádérera fò lọ bá gíláàsì, ó sì dì síbẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
N kò bínú sí ọ.
Gbogbo ayé rẹ, ohun méjì ni wọ́n kọ́ ọ:
tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, fi í sílẹ̀.
Ta ló kọ́ ọ ní díẹ̀díẹ̀?

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀nà Warman, ilẹ̀ ń ṣú.
Fádérera ló ń wà á.
Àgbọ̀nrín kan jáde láti inú yìnyín, ó dúró sáàárín títì,
ó ń wò wá bí aṣọ́bodè ṣe ń wo ìwé ìrìnnà.
Kí n tó pe “Jésù” tán, mọ́tò ti rọ̀, ó ti dúró.
Òsì rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

N kò sọ pé òsì ló gbà wá o.
Ó lè jẹ́ pé títì gbẹ lápá ibẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n mo wolẹ̀:
ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀tún àti òsì,
ẹ ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ níwájú mi pátápátá,
bíréèkì tí kò sí, kíláàṣì tí kò sí.

Nígbà tá a délé, mo tún sọ fún un pé iná ẹ̀yìn rẹ ń tàn.
Ó ní òun gbọ́.
Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo bu òrí,
ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi pa.